Onílé Orí Ìwé

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kejì

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ara. Ó ti tó oṣù márùn-ún tí mo ti rí ìwé yín gbẹ̀yìn. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ràn fóònù, pé ẹ ní ọ̀rọ̀ ẹnu kò ní nọ́ńbà, ṣùgbọ́n ẹ ò tún kọ èyí tó ní nọ́ńbà ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀.

Aránbàtà tí mò ń gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti ta ilé. Ẹni tó rà á fẹ́ wó o, ó sì ti fún wa láyè títí di ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹfà kí a kó jáde. Àárò yàrá náà kò ní sọ mí. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án ní gígùn, méje ní ìbú. Mo wọ̀n ọ́n nítorí mo mọ̀ pé ẹ máa béèrè. Fèrèsé kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ kọjú sí ògiri ẹlòmíràn. Ọ̀rinrin sì ń sọ ògiri tèmi di dúdú láti ìsàlẹ̀ wá, bí ìgbà tí ó wọ ṣòkòtò. Àyà mi kò gbà á mọ́.

Mo ti wá yàrá kiri ìlú kékeré yìí títí bàtà mi fi jẹ. Pátákó ìkéde kan ṣoṣo ló wà, lẹ́nu ọ̀nà ilé búrẹ́dì. Yàrá mẹ́ta péré ni wọ́n ti lẹ̀ mọ́ ọn láti ìgbà tí ọdún ti bẹ̀rẹ̀. Onílé àkọ́kọ́ rí mi, ó ní wọ́n ti gbà á. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìwé rẹ̀ ṣì wà lójú pátákó. Ẹnì kejì ní òun kì í gba obìnrin tí kò lọ́kọ, kí àwọn ará àdúgbò má baà sọ òun di ọkọ rẹ̀. Mo wò ó láti òkè délẹ̀, mo ní kí ó fọkàn balẹ̀. Ẹ̀kẹta ju agbára mi lọ. Bí mo bá san owó ilé yẹn tán, afẹ́fẹ́ ni màá máa jẹ.

Ṣùgbọ́n ìròyìn ayọ̀ wà. Orúkọ mi ti kàn ní ọ́fíìsì ilé mẹ̀kúnnù. Ọdún mẹ́rin ni mo fi wà lórí ìlà. Yàrá méjì ni, nísàlẹ̀ ilé, ní òpópó tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ sì wà nínú, kì í ṣe àjùmọ̀lò. Mo ti lọ yọjú wò ó láti ìta lẹ́ẹ̀mejì. Obìnrin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ wa, tí gbogbo wa ń pè ní Màdáámù Fáìlì, ní ìwé kan ṣoṣo ló kù: kí ọ́fíìsì ilẹ̀ ìlú tí mo ti wá jẹ́rìí sí ohun tí mo búra fún, pé mi ò ní ilé, mi ò sì ní ilẹ̀ níbì kankan. Ó ní àwọn ti kọ̀wé tààrà. Nígbà tó ka àdírẹ́sì náà, mo bú sẹ́rìn-ín. Ọ́fíìsì yín ni. Tábìlì yín ni lẹ́tà náà ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá wọn lóhùn.

Èmi àbúrò yín.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kejì

Àbúrò mi,

Mo kí ọ. Ara mi le, àfi orúnkún. Mo ti gbọ́ ẹ̀sùn rẹ lórí lẹ́tà. Ẹni tó ń kọ lẹ́tà fún ìjọba láti àárọ̀ dalẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kì í yá sí gègé nígbà tó bá délé.

Lẹ́tà ọ́fíìsì ilé yẹn dé ní ọjọ́ mẹ́jọ ṣáájú tìrẹ. Jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe é, kí o lè mọ̀ pé n kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Bí lẹ́tà bá wọlé, èmi ni mo ń ṣí i. N ó kọ ọ́ sínú ìwé lẹ́tà tó wọlé, n ó fún un ní nọ́ńbà. Ti àwọn ènìyàn rẹ ni ìkẹtàdínlọ́gọ́rin lọ́dún yìí. Láti ìṣẹ́jú tí mo bá ti kọ nọ́ńbà yẹn, lẹ́tà náà ti di ti ìjọba, kò sí ẹni tó lè sọ pé òun kò rí i. Lẹ́yìn náà ni n ó wá orúkọ nínú ìwé mẹ́ta: ìwé orúkọ, ìwé pulọ́ọ̀tì, ìwé ìyípadà onílẹ̀. Akọ̀wé kejì á tún un wá, á sì buwọ́ lù ú. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń ṣe é báyìí, lẹ́tà kan kò sọnù rí. Àwọn ènìyàn rẹ kò sọ ìdí tí wọ́n fi ń béèrè. Mo dá wọn lóhùn bí ìwé ṣe wí.

Ìwé wí pé o nílé. Má fò sókè. Pulọ́ọ̀tì kẹtàdínláàádọ́ta ni, ní àdúgbò mẹ̀kúnnù tí ìjọba pín ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Orúkọ rẹ ni mo fi gbà á, mo sì kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀: yàrá mẹ́fà, òrùlé páànù, kànga kan. Mò ń gbé nínú yàrá méjì, ayálégbé mẹ́rin wà nínú mẹ́rin yòókù. Ibẹ̀ ni ìyá wa kú sí. Ìwọ rò pé mo háyà rẹ̀ ni, n kò sì tún ọ̀rọ̀ náà ṣe fún ọ, nítorí ohun tí ènìyàn kò mọ̀ kì í já bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ó yẹ kí inú rẹ dùn. Ẹni tó nílé níbì kan kì í ṣe asákiri. Mo rí i pé o ti búra pé o kò ní. Ìbá dára kí o kọ́kọ́ bi mí. Ṣàlàyé fún obìnrin náà pé ọ̀nà ló jìn. Á yé e.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú àárọ̀, bó bá jẹ́ àárọ̀ lẹ gba èyí.

Kò yé e. Màdáámù Fáìlì ní kí wọ́n pè mí wá láàárín iṣẹ́. Mo wọ épírọ́ọ̀nù ilé ìfọṣọ débẹ̀, ọwọ́ mi ń rùn fún ọṣẹ tí a fi ń fọ aṣọ ìbùsùn ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ó tẹ́ lẹ́tà yín síwájú mi. Kí n tó ka orúkọ, mo ti mọ ọwọ́ yín: òǹtẹ̀ méjì, ìlà tó tọ́ gbọnrangandan. Ó bi mí pé ta ni ẹni tó buwọ́ lù ú. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ní o nílé oníyàrá mẹ́fà, ìwọ ní o ò ní ihò eku. Èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì ló ń purọ́?"

Mo ní kí ó fún mi láyè kí n kọ̀wé sí yín.

Ẹ jẹ́ kí èmi náà ṣàlàyé, níwọ̀n bí ẹ ti fẹ́ràn àlàyé. Ilé mẹ̀kúnnù níhìn-ín wà fún ẹni tí owó iṣẹ́ rẹ̀ kéré tí kò sì ní òrùlé níbì kankan. Kì í ṣe níhìn-ín nìkan. Níbì kankan ni wọ́n kọ, bó ti wù kí ó jìn tó. Ẹni tó bá búra èké, wọn á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, kò sì ní padà sórí ìlà fún ọdún mẹ́wàá. Wọ́n ṣì di yàrá méjì náà mú fún mi títí di ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹfà, kí n fi mú ìwé wá láti ọ́fíìsì yín pé ilé náà kì í ṣe tèmi. Ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n máa wó ṣọ́ọ̀bù aránbàtà.

Ilé ta ni? Mi ò ra búlọ́ọ̀kù kan síbẹ̀. Mi ò mọ àwọ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ kọ òtítọ́ sínú ìwé yín, kí ẹ sì fi ránṣẹ́.

Àbúrò yín.


Ọjọ́ keje, oṣù Kẹrin

Àbúrò mi,

Mo kí ọ dáadáa, nítorí èmi ṣì mọ bí a ṣe ń kọ lẹ́tà sí ẹbí.

O ní kí n kọ òtítọ́. Wá gbọ́ ọ. Òfin wa sọ pé òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ilẹ̀ kò gbọdọ̀ gba pulọ́ọ̀tì nínú àdúgbò tí ọ́fíìsì rẹ̀ pín. Ẹni tí wọ́n bá mú, wọ́n á lé e, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ á lọ, ilẹ̀ á padà sọ́wọ́ ìjọba tòun ti ilé orí rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn tí owó iṣẹ́ wọn kò tó nǹkan ni wọ́n ń pín in fún. Èmi kò yẹ lọ́nà méjèèjì. Ìwọ yẹ. Ìwé owó iṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́ sí mi nígbà náà, tí o ní kí n wá wo bí wọ́n ṣe ń rẹ́ ọ jẹ, òun ni mo so mọ́ fọ́ọ̀mù.

Ó ku oṣù mẹ́wàá kí n fẹ̀yìntì. Oṣù mẹ́wàá péré. Bí mo bá ti kúrò níbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bi mí léèrè ohun tí mo rà. N ó gba ilé náà kúrò lórúkọ rẹ, o ó sì bọ́. Títí dìgbà náà, fara dà á. Bẹ ẹnìkan kí o bá a gbé. Ẹni tó bá ń wá yàrá tọkàntọkàn kì í sùn síta.

O bi mí pé ilé ta ni. Nígbà tí ìyá wa kò lè dá dìde mọ́, onílé tí a wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní kí a máa gbé e lọ, pé òun kò fẹ́ òkú nínú ilé òun. Yàrá tó sún mọ́ kànga nínú ilé yìí ni mo tẹ́ ẹ sí, simẹ́ńtì ilẹ̀ rẹ̀ kò tíì gbẹ tán. Níbo lo wà? Ò ń ká aṣọ ìbùsùn ìyá ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni, mo fi orúkọ rẹ gba ilẹ̀. Orúkọ yẹn nìkan lo fi sílẹ̀ fún wa nígbà tí ò ń lọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹrin

Mi ò kí yín. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ọwọ́ mi kọ̀.

Ẹ má fi ìyá wa bò mí mọ́lẹ̀. Aṣọ ìbùsùn tí mò ń ká ló ra oògùn rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa ń kọ̀wé pé ó ti dé. Àárín ẹ̀rọ ìfọṣọ méjì ni mo dúró sí nígbà tí mo sunkún rẹ̀, nítorí ibẹ̀ nìkan ni ariwo ti pọ̀ tó.

Ẹ ní kí n bẹ ẹnìkan kí n bá a gbé. Mo ti bẹ̀. Obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ ń gbé yàrá kan pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Ó ní kí n máa bọ̀, pé abẹ́ tábìlì ṣófo, tábìlì náà sì lágbára. Àwàdà ló ń ṣe, ṣùgbọ́n nígbà tí mo débẹ̀, ó ti gbá abẹ́ tábìlì náà mọ́. Mo tún lọ bá bàbá kan tó ní àjà lókè ilé rẹ̀. Ó ní mo lè má san kọ́bọ̀ rárá bí mo bá ń bá òun gbálẹ̀, bí mo bá ń bá òun dáná. Ó ku ohun kan tó fẹ́ fi kún un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ kí ó tó rí ọ̀rọ̀ náà. Èyí tó kù ni àwọn àgọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ bíríkì fi sílẹ̀ nígbà tí ilé-iṣẹ́ wọn kógbá wọlé. Kò sí omi níbẹ̀, wọ́n sì ń gba owó lórí rẹ̀.

Àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ló ń dùn mí jù. Ìṣẹ́ mi ni. Nǹkan kan ṣoṣo tí ìṣẹ́ lè bá ènìyàn gbà ní ìlú yìí ni yàrá méjì yẹn, mo sì fi ọdún mẹ́rin tò fún un. Ẹ ti lo ìṣẹ́ mi kí èmi tó lò ó. Ìwé tí mo fi sunkún sí yín létí lẹ mú, ẹ fi gba ilẹ̀ aláìní, ẹ kọ́ yàrá mẹ́fà sórí rẹ̀, ẹ wá di onílé lórí àwọn aláìní mẹ́rin. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ mọ̀: ṣé ẹ̀yin máa ń gba obìnrin tí kò lọ́kọ?

Bí ìwé tí mo béèrè kò bá dé láàárín oṣù tó ń bọ̀, èmi fúnra mi máa kọ̀wé sí ọ́fíìsì ilẹ̀.

Àbúrò yín.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù Karùn-ún

Àbúrò mi,

Mo máa ń gbà wọ́n. Méjì wà níbẹ̀ nísinsìnyí, aránṣọ kan àti ọ̀kan tó ń ta kẹrosíìnì. Ohun tí wọ́n ń san kò tó ìdajì ohun tí wọ́n ń gbà láàárín ìlú. Bí ìjọba bá gba ilé náà, n kò mọ ibi tí àwọn náà yóò forí lé. Kọ ìyẹn náà sínú lẹ́tà rẹ.

O ní o máa kọ̀wé. Kọ ọ́. O ti gbàgbé ibi tí lẹ́tà ọ́fíìsì ń gúnlẹ̀ sí ni. Ọ̀gá àgbà kì í ṣí àpòòwé. Ó ní ìgbà tí òun ní akọ̀wé, kí ni òun ń fi ọwọ́ òun wá níbẹ̀? Èmi ni mò ń ṣí wọn lójoojúmọ́, ní aago mẹ́jọ àárọ̀, kí akọ̀wé kejì tó dé. Kò sí ojú mìíràn tó ń rí wọn ṣáájú tèmi. Ẹ̀rọ tó ń gé ìwé wẹ́lẹwẹ̀lẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. N kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Má kọ ohunkóhun sí mi mọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí títí n ó fi fẹ̀yìntì.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.


Ogúnjọ́, oṣù Karùn-ún

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo ti kọ ọ́, mo sì ti fi ránṣẹ́ lánàá. Lẹ́tà méjì ló máa bá yín lẹ́ẹ̀kan náà, èyí nílé, èkejì ní ọ́fíìsì.

Mo rò ó pé kí n fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá yín nílé rẹ̀. Mo rò ó pé kí n darí rẹ̀ sí akọ̀wé kejì. Màdáámù Fáìlì pàápàá ní òun á bá mi fi òǹtẹ̀ tiwọn lù ú, òun á sì fi ẹ̀dà kan pamọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé kò dé. Mo ní ó tó bẹ́ẹ̀. Àdírẹ́sì ọ́fíìsì nìkan ni mo kọ sẹ́yìn àpòòwé. Mi ò kọ orúkọ ọ̀gá, mi ò kọ pé àṣírí ni, mi ò sì fi ẹ̀dà kankan sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀: ẹni tó gba ilẹ̀, ìwé owó iṣẹ́ ẹni tó fi gbà á, ẹni tó ń gbé ilé náà. Mo kọ nípa aránṣọ àti ẹni tó ń ta kẹrosíìnì bí ẹ ti ní kí n ṣe, mo sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má lé wọn. Mi ò bá yín bẹ̀bẹ̀.

Ẹ máa ṣí i. Kò sẹ́ni tó máa rí yín. Ẹ lè fi í sínú ẹ̀rọ yẹn, á sì tán síbẹ̀. Màá lọ sùn lábẹ́ tábìlì, ẹ̀yin náà á sì fẹ̀yìntì, wọ́n á kọrin fún yín, wọ́n á fún yín ní aago ara ògiri. Ṣùgbọ́n ẹ ò tún ní lè sọ fún mi láéláé pé lẹ́tà kan kò sọnù rí. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi yín nà mí. Bí mo bá da omi nù, wọ́n á ní ṣé o rí ẹ̀gbọ́n rẹ? Bí mo bá purọ́, wọ́n á ní wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ bó ṣe mọ́. Èmi náà gbà á gbọ́. Òun ló jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín nígbà tí obìnrin yẹn ka àdírẹ́sì yín.

Mo fi ilé mi lé ọwọ́ yẹn lórí. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó mọ́.

Àbúrò yín.


ỌJỌ́ KẸSÀN-ÁN, OṢÙ KẸFÀ

Láti Ọ́fíìsì Ilẹ̀
Lẹ́tà tó wọlé, nọ́ńbà 241

Sí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí Pulọ́ọ̀tì 47,

A ti gba lẹ́tà rẹ ti ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Karùn-ún. A ṣí i ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù yìí. A kọ ọ́ sínú ìwé lẹ́tà tó wọlé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a sì gbé e síwájú ọ̀gá àgbà kí ọ́fíìsì tó pa.

Akọ̀wé tí ọ̀rọ̀ náà kàn kò jiyàn. Nítorí náà ìwádìí kò pẹ́. A ti fa ìlà pupa sórí orúkọ rẹ nínú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. O kò ní ilé, o kò sì ní ilẹ̀, ní gbogbo agbègbè tí ọ́fíìsì yìí ń ṣàkóso. Ìwé ẹ̀rí náà wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. A ti fi irú rẹ̀ kan ránṣẹ́ tààrà sí ọ́fíìsì ilé mẹ̀kúnnù lọ́dọ̀ yín, a sì ṣàlàyé níbẹ̀ pé ìwọ kò mọ̀ nípa ilẹ̀ náà nígbà tí o búra.

Ìjọba ti gba ilé náà. Ayálégbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè máa gbé ibẹ̀ lọ ní iye tí wọ́n ń san tẹ́lẹ̀. Ẹnì karùn-ún tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ayálégbé. A ti fún un ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti kó jáde.

Akọ̀wé tó kọ lẹ́tà yìí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́ láti òní lọ. Èsì èyíkéyìí tí o bá ní, kọ ọ́ sí akọ̀wé kejì.

Èyí tó kù kì í ṣe ti ọ́fíìsì. O ti mọ ohun tí o fẹ́ mọ̀. Má fi owó ránṣẹ́, má kí mi kú ìrọ́jú, má sì sọ fún mi bí yàrá méjì náà ṣe rí nínú. Láti ìjẹta ni mo ti ń rìn káàkiri, tí mò ń wá yàrá. Obìnrin kan ní ọ̀kan lẹ́yìn ilé rẹ̀, nítòsí ilé ìwé, owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Ó mú mi wọlé, ó fi ibi tí fèrèsé wà hàn mí, ó wá bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Mo ya ẹnu, n kò rí nǹkan kan sọ. Ó ní kò burú, kí n lọ rò ó wá, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.